Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀ Onípákó

Àkàngbé, gbọ́ ìtàn kan: ọkùnrin kan wà tó ń ta pákó nílùú wa, tó sì ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ti gbó. Fi kàlẹ́ńdà yẹn sílẹ̀ ná. Ọjọ́ ìdúpẹ́ tí o wá mú kò ní sá lọ. O ní ìyàwó rẹ tó ń sunkún láti ìgbà tó ti bímọ ti dákẹ́, ilé ti tòrò, ẹ fẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu rẹ ni mi ò ti bá ọ rẹ́rìn-ín. Nítorí náà jókòó, kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ onípákó yìí kí n tó kọ orúkọ rẹ sínú ìwé ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ burúkú. Ó ti gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn, ó ti gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ ni ìṣòro, paipu gígùn abẹ́ ọkọ̀ tí èéfín ń gbà jáde lẹ́yìn. Òjò ọ̀pọ̀ ọdún ti jẹ ẹ́, ó ti dógùn-ún, ó ti ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ó kọ́kọ́ ń kùn. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í han. Tí onípákó bá tan ọkọ̀ láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ti jí nìyẹn, àtẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú àtẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìlọta ló ń gùn kiri. Tó bá pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà á dá ìwàásù dúró, á ní ẹ jẹ́ kí onípákó wá ibi gúnlẹ̀ sí ná. Gbogbo ìjọ á wá bú sẹ́rìn-ín.

Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkùnrin náà. Gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa. Kò fìgbà kankan sọ pé ara ọkọ̀ òun ò yá. Ohun tó ń sọ ni pé ọkọ̀ náà ń dójú ti òun láàárín àwùjọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra, ibi tí ẹni tó ń sọ ọ̀kan máa gbé ọkọ̀ lọ sì yàtọ̀ sí ibi tí ẹni tó ń sọ èkejì máa gbé e lọ.

Ó gbé e tọ wẹ́dà kan lọ, àgbàlagbà tó ti ń jó irin láti ìgbà èwe rẹ̀. Wẹ́dà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fi òòlù kékeré lu sàlẹ́ńsà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìpẹtà sì ń já lulẹ̀ bíi gàrí. Nígbà tó jáde, ó gbọn ara, ó ní, "Ọ̀gá, ihò ẹ̀yìn tó ń pariwo yìí kékeré ni. Sàlẹ́ńsà yìí ti là níwájú, níbi tó ti kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Irin ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti jẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn, rọ́ọ̀gì nìkan ló bò ó. Ẹ jẹ́ ká bọ́ gbogbo ẹ̀, ká fi tòkunbọ̀ sí i, ká sì jó ilẹ̀ ọkọ̀ pa."

Onípákó béèrè iye tó máa ná òun, wẹ́dà sì sọ fún un. Kì í ṣe iye tí apá rẹ̀ ò ká. Ṣùgbọ́n ó yọ ṣùtì, ó ní ariwo lòun gbé wá, òun ò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun kan ọkọ̀ tuntun. Wẹ́dà ní, "Ariwo kọ́ ló ń ṣe é, ọ̀gá. Ariwo ló ń sọ ohun tó ń ṣe é fún yín." Onípákó wọ ọkọ̀, ó tàn án, ó sì lọ. Àwọn àgbà ní wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ẹni tí wọ́n ń bá wí kì í mọ̀ pé òun ni.

Nígbà tó délé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, ó sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Ó gé agolo mílíìkì, ó là á, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó fi wé ihò ẹ̀yìn náà, ó sì fi wáyà dì í pinpin. Ariwo dín, ṣùgbọ́n kò dín tó bó ṣe fẹ́. Ó wá wọ ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀, ó kó kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò. Ó ń fi igi tì wọ́n bọ ẹnu sàlẹ́ńsà lẹ́yìn, ọ̀kan lé ọ̀kan, títí ibẹ̀ ò fi gbà mọ́. Ó tan ọkọ̀. Ọkọ̀ ń rọra mí bí ológbò tó yó. Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá gbọ́.

Ìwọ náà wo ọgbọ́n yẹn, Àkàngbé. O kàwé, o tiẹ̀ ń wa ọkọ̀. Èéfín ń bọ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì, dandan ni kó jáde. O ti dí ẹ̀yìn pa mọ́ ọn. Iwájú ti là, ilẹ̀ ọkọ̀ sì ti lu. Ibo lo rò pé ó máa gbà? Ọkùnrin yìí kì í ṣe dìndìnrìn, ó lè wo igi tó dúró kó sọ iye pákó tó máa bọ́ nínú ẹ̀. Àmọ́ ariwo ló gbájú mọ́, nígbà tí ariwo sì ti lọ, ó gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Gbogbo ayé yìn ín. Àlùfáà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní onípákó ti wá di ọmọlúwàbí lójú pópó. Òun náà ń sọ fẹ́ni tó béèrè àtẹni tí ò béèrè pé agolo àti kànìnkànìn lòun fi ṣe é, pé jìbìtì ni gbogbo wẹ́dà ayé yìí ń lù. Lọ́jọ́ kan ó gba iwájú ìsọ̀ wẹ́dà náà kọjá. Wẹ́dà rí agolo lábẹ́ ọkọ̀, ó sì rí i pé èéfín díẹ̀ báyìí ló ń jáde lẹ́yìn, ló bá sáré bọ́ sójú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kó dúró. Onípákó juwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá. Wẹ́dà náà ṣì máa ń sọ ọ́ títí dòní pé ó yẹ kí òun dùbúlẹ̀ síwájú ọkọ̀ yẹn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀, nígbà ọyẹ́, ó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sílùú tí wọ́n ti bí ìyá náà, ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì. Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé ló fẹ́ lọ rí, wọn ò sì tíì fojú kanra láti ọdún mẹ́fà. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko di ẹrù, ó ń tú u, ó tún ń dì í. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun náà ní, onípákó yìí ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú nígbà tí ọmọ ò tíì gé eyín, èlùbọ́ ló tà títí ó fi tọ́ ọ dàgbà. Mo fẹ́ kí o mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Ìyàwó onípákó jókòó ti ìyá lẹ́yìn, torí òòyì máa ń kọ́ ìyá nínú ọkọ̀, kì í sì í lè sùn nínú ẹ̀. Eruku ọyẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n bá gbé gbogbo gíláàsì sókè. Ti ẹ̀gbẹ́ onípákó nìkan ni ò gòkè tán. Ó ti bàjẹ́ tipẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbabẹ̀ fẹ́ sí i lójú. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí èéfín mú òun náà.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ìyá fi ní orí ń fọ́ òun. Ọmọ rẹ̀ ní wọn ò jẹun dáadáa ni. Ìyàwó ní òun ń gbóòórùn èéfín, kó jọ̀ọ́ kó dúró káwọn ṣílẹ̀kùn. Ó dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin obìnrin yìí. Nígbà tó ń pariwo, ẹ ní etí ń dùn yín. Ó ti dákẹ́ tán, imú ló kàn." Ìyá ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ó ní ẹ mú sùúrù, Màmá, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Wọn ò tíì rin ìdajì ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan mọ́. Ó wo dígí iwájú rẹ̀, ó rí i pé ìyá òun ti gbé orí lé èjìká ìyàwó òun, ìyàwó náà sì ti fẹ̀gbẹ́ orí ti gíláàsì. Inú rẹ̀ dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní òun dẹwọ́ eré kí kòtò má baà jí wọn. Ó ní òun ń kọrin ọpẹ́ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ọkọ̀, pé Ọlọ́run ló ṣe é, ọkọ̀ òun ti dára débi tí ìyá òun fi lè sùn nínú ẹ̀. Ìyá tí kì í sùn nínú ọkọ̀, láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi jẹ́ òní ló wá sùn.

Ní oríta kan, ó dúró ra ọsàn. Obìnrin tó ń ta ọsàn náà tẹ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ láti kí màmá. Ó dìde, ó tún tẹ̀ wò ó. Ó ní, "Bọ̀dá, kí ló ṣe màmá yìí?"

Onípákó ní kó rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ń sùn ni.

Obìnrin náà ní, "Ojú wọn là sílẹ̀."

Ọlọ́sàn ló já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ooru èéfín tó tú jáde lé e sẹ́yìn, ó bo imú, ó sì tún padà wọ inú ẹ̀. Òun ló wọ́ ìyàwó bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó bì lójú títì, ó ń jà fún èémí bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò, ṣùgbọ́n ó ń mí. Wọ́n tẹ́ ìyá sórí àpò ọsàn, wọ́n ń fẹ́ páálí sí i, wọ́n ń da omi sí i lórí, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Ihò inú ọkọ̀ wà gan-an lábẹ́ ẹsẹ̀ ibi tó jókòó sí.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nítòsí oríta náà. Ibẹ̀ ni ìjọba gbé mi lọ nígbà náà, èmi ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo sì gbà wọ́n. Ìwọ mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀, mo ti rí ikú òjijì, ẹ̀rù ò tún fi bẹ́ẹ̀ ń bà mí mọ́. Ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Ìyá náà ò ní ojú ọgbẹ́ kankan lára. Gèlè rẹ̀ ò tú. Wọ́n ní ẹrù tó dì fún àbúrò rẹ̀ ṣì wà lórí itan rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e kúrò nínú ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ fún mi pé, ẹ rọra, nọ́ọ̀sì, kí wọ́n má jí. Mo sọ fún un pé màmá ti lọ. Ó ní rárá, ọkọ̀ òun ò pariwo mọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wò mí lójú, bí ẹni pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà ò yé. Ó ti lé ní ogún ọdún, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ ló kàn, Àkàngbé, má sì wo ojú fèrèsé. Èmi ni kí o wò.

O ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún rè é tí ìyàwó rẹ bímọ, àti pé láti ọjọ́ kẹta ló ti ń sunkún. Ó ní òun ò lè sùn kódà tí ọmọ bá sùn. Ó ní ẹ̀rù máa ń ba òun tí wọ́n bá gbé ọmọ lé òun lọ́wọ́, pé nǹkan kan ń sọ nínú òun pé òun ò yẹ lẹ́ni tó ń jẹ́ ìyá. Ohun tó ń sọ fún yín rèé, lójoojúmọ́, pẹ̀lú igbe. Ìyá rẹ ní èèwọ̀ ni, a kì í sunkún lé ọmọ tuntun lórí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní àìmọye àgàn ló ń wá irú ẹ̀, kó tijú. Ìwọ ọkọ rẹ̀ ní àwọn tẹ́náǹtì ń gbọ́, wọ́n á rò pé ò ń lù ú. Kálukú yín mú tiẹ̀ wá, ẹ sì tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí ẹnu náà ò fi gbà mọ́.

Ó wá dákẹ́. O ní òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin. Kò sunkún, kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọ ń ké, kò yíjú. Ó kọjú sí ògiri. Ẹ̀rín lo sì fi ń sọ ọ́ fún mi, o ní Ọlọ́run ti gbọ́, kí n kọ yín mọ́ àwọn tó máa dúpẹ́ ogójì ọjọ́. Mi ò ní o burú. Onípákó náà ò burú, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ dénú, kò sì sí ohun tí kò lè ṣe fún un yàtọ̀ sí kó gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń sọ.

Kò sẹ́ni tó ń fi àjẹ́ bá ìyàwó rẹ jà, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn ni. Ó máa ń mú abiyamọ, ó máa ń mú olówó, ó máa ń mú ìyàwó pásítọ̀. Ó ní dókítà, ó ní oògùn, obìnrin sì máa ń bọ́ nínú ẹ̀. Àwọn tó bọ́ nínú ẹ̀ lọ́wọ́ mi pọ̀, ọmọ wọn ti ń jẹ́ lọ́yà báyìí. Àwọn tí ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún, ẹ̀yìn ìgbà tí ilé tòrò ni àwọn ará ilé wọn tó mọ̀. Mo ti wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá àti ọmọ ni mo bá níbẹ̀ nígbà kejì, mi ò sì ní sọ fún ọ bí mo ṣe bá wọn.

Bí o bá délé tó sì bú sẹ́kún, jẹ́ kó sun ún. Jókòó tì í kó sun ún dọ́la tó bá fẹ́. Bi í pé kí ló ń rí, kí o sì panu mọ́ títí á fi sọ tán, bó ti wù kó burú létí rẹ tó. Lẹ́yìn náà ẹ ó jọ lọ sílé ìwòsàn, èmi náà á wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má gbọ́ síta, ní kó wá bá mi.

Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́ báyìí, dá mi lóhùn kíákíá. Ìyá rẹ ti padà sóko láti àná, o sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí o wọlé. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nílé?

"Òun àti ọmọ nìkan ni, Màmá. Mo ti ilẹ̀kùn níta, kí àlejò má baà dí i lọ́wọ́ oorun."

Dìde. Fi ìwé sílẹ̀, fi fìlà sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ dà? Mú un dání, má tì í sápò. Fún mi ní nọ́ńbà tẹ́náǹtì tó bá sún mọ́ yín jù, kí n pè é kó fọ́ ilẹ̀kùn yẹn kí o tó dé. Má bínú sí obìnrin yẹn, má sì bi í ní nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà. Rọra gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, gbé e fún ẹlòmíràn, kí o wá di ìyàwó rẹ mú ṣinṣin títí màá fi dé. Máa lọ, Àkàngbé. Sáré.